Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọgbà Ẹ̀fọ́ ní London Nígbà Òtútù

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbin ewúro, ẹfinrin àti ata rodo sí ẹ̀yìnkùlé ní London ló gbà pé òtútù ni ó ń pa wọ́n mọ́ wa lọ́wọ́ bí oṣù kejìlá bá ti dé. Òtútù ń pa wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń dá oko kékeré ní gúúsù ìlà-oòrùn ìlú yìí, omi ni mo rí pé ó ń pa èyí tó pọ̀ jù: omi tó dúró sí ìdí ewéko nínú ilẹ̀ amọ̀, omi tí a ń bù sínú ìkòkò ojú fèrèsé nítorí pé àánú ewé tó ń rẹ̀ dànù ń ṣe wá, àti omi tó wà nínú ilẹ̀ tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ títí tó fi le bí búlọ́ọ̀kù. Nítorí náà, díẹ̀ ni mo máa sọ nípa ohun tó lè hù nígbà òtútù. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ mi dá lórí bí a ṣe ń pa ilẹ̀ mọ́ àti bí a ṣe ń mú ewéko ilé wa la ìgbà náà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kúrò lọ́nà. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ tó kúrú jù lọ nínú ọdún ṣì ní ìmọ́lẹ̀ tó lé ní wákàtí 11 àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n ní London, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, ìmọ́lẹ̀ kò pé wákàtí 8. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí di nǹkan bí àárín oṣù kejì, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kì í pé wákàtí 10, ọ̀pọ̀ ewéko a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan ní gbogbo àsìkò náà, kódà bí inú ilé tó móoru ni wọ́n wà. Ewéko tí kò dàgbà kì í mu omi púpọ̀, kò sì ní fi ajílẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ èyí ti yẹra fún ìdajì àwọn àṣìṣe tí mo ti ṣe.

Kí oṣù kẹwàá tó parí: ẹ kó ewéko ilé wọlé

Ẹ má dúró de ìrì dídì. Nígbà tí òru bá ti ń tutù kọjá 10°C léraléra, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ó ti tó àkókò láti gbé ewúro, ẹfinrin àti ata rodo wọlé. Ẹfinrin ni kò lè fara dà á rárá nínú wọn. Òru kan ṣoṣo tí ìrì bá dì sí i lára, ewé rẹ̀ yóò dúdú, yóò sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹni pé a bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná.

Kí ẹ tó gbé ìkòkò kankan kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹ yí ewé rẹ̀ padà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ kan wà tó jọ iná orí, tó ń fa omi ara ewé mu. Níta, àwọn kòkòrò mìíràn ń jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n nínú ilé kò sí ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́, wọn yóò sì gba gbogbo ojú fèrèsé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi omi tó ní ẹ̀kán ọṣẹ díẹ̀ fọ ewé náà, ẹ ṣan án, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nítorí àwọn tó sá pamọ́.

Ata rodo rọrùn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, nítorí pé igi ata lè lo ọdún púpọ̀ bí a bá gbà á lọ́wọ́ òtútù. Ẹ ká gbogbo ata tó kù lórí rẹ̀, kí ẹ wá gé e kúrú títí yóò fi ku igi tó ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15, tó ní ẹ̀ka méjì bí igi kànnàkànnà àwọn ọmọdé. Ojú á ro yín nígbà tí ẹ bá ń gé e, ṣùgbọ́n ewé tí a fi sílẹ̀ kò ní rí ìmọ́lẹ̀ tó máa fi bọ́ ara rẹ̀, kòkòrò ni yóò sì jẹ ẹ́. Ẹ gbé e sí yàrá tí kì í tutù kọjá 12°C, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀.

Ewúro ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo gbé ìkòkò rẹ̀ kan sí ilé ìdáná, mo sì ń bomi rin ín láràárọ̀ bí ìyá mi ti ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Abẹ́òkúta. Ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, mo ní òùngbẹ ni, mo fi kún omi. Nígbà tó di oṣù kìíní, mo di igi rẹ̀ mú kí n yí i sọ́dọ̀ ìmọ́lẹ̀, ó sì fà tẹ̀lé mi wá bí ìgbà tí èèyàn bá yọ ṣíbí nínú ẹ̀kọ gbígbóná. Gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, ó ti dúdú, ó ń rùn. Láti ìgbà náà, ìka mi ni mo fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí n bomi sí nǹkan. Mo máa ń ki ìka bọ inú ilẹ̀ ìkòkò títí dé oríkèé kejì, bí ó bá ṣì tutù níbẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, mo bu omi tó kún ife tíì kan sí i, mo sì da èyí tó bá ṣẹ́kù sínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Ní oṣù kejìlá, ìgbà mìíràn wà tí ọ̀sẹ̀ méjì yóò kọjá kí n tó tún bu omi.

Ewúro yóò wọ́wé, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè, ẹ fi èékánná họ èèpo igi rẹ̀ díẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé tútù, ó ń sùn ni, ṣùgbọ́n bí ó bá gbẹ tí ó pupa bí igi ìdáná, ẹ họ ibi tó sún mọ́ ìdí kí ẹ tó gbà pé ó ti kú. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò wà lójú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, kí ó jìnnà sí híítà, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ rẹ̀ ń ba ewé jẹ́. Lálẹ́, ẹ gbé e kúrò láàárín kọ́tìnì àti gíláàsì, torí pé ibẹ̀ tutù ju àárín yàrá lọ fíìfíì.

Ní ti ẹfinrin, n kì í gbé ìkòkò ńlá wọlé mọ́. Mo máa ń gé ẹ̀ka mẹ́fà tí kò tíì le, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, mo sì ń já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò kí n tó kì í bọ ife omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, gbòǹgbò funfun yóò yọ, a ó sì gbìn ín sínú ìkòkò kékeré. Tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ugwu ní tiwọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹ gbọn orí tẹ̀tẹ̀ tó ti gbó sórí ìwé ìròyìn, ẹ fẹ́ ìyàngbò kúrò, kí ẹ fi èso dúdú wẹ́wẹ́ náà sínú àpòòwé, kí ẹ sì kọ ọdún sí i lára.

Oṣù kọkànlá: ẹ bo ilẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́

Oko mi jẹ́ ìdajì allotment, ìyẹn ilẹ̀ ọ̀gbìn tí káńsù ń yá ará ìlú fún owó kékeré lọ́dọọdún. Òfin ọdún 1908 ṣì wà lára ìpìlẹ̀ ètò náà, rod ni wọ́n sì ṣì fi ń wọn ilẹ̀ níbẹ̀: ilẹ̀ odidi jẹ́ rod 10, tó tó nǹkan bí mítà 250 níbùú lóròó. Amọ̀ ni ilẹ̀ tiwa, bí ó ti rí ní apá púpọ̀ ní London, ìlànà tó sì ṣe pàtàkì jù lọ fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé kí a má fi ọwọ́ kàn án nígbà tí omi bá wà nínú rẹ̀. Ní ilé, a máa ń sọ pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Lórí amọ̀ London, ẹni tó bá tẹ ilẹ̀ tútù ti ba iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ jẹ́.

Ẹ dán ilẹ̀ wò báyìí. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un, kí ẹ sì la ọwọ́. Bí ó bá fọ́ nígbà tí ẹ bá fi ìka tì í, iṣẹ́ lè lọ. Bí ó bá mọ́ra bí òkèlè iyán, tí àpá ìka yín hàn lára rẹ̀ tí ó ń dán, ẹ kúrò lórí rẹ̀. Bí ó bá pọn dandan kí ẹ wọlé láti ká ẹ̀fọ́, ẹ tẹ́ pákó gígùn kan kí ẹ dúró lórí rẹ̀, kí ìwúwo yín lè pín. Mo fi ṣọ́bìrì tú gbogbo ilẹ̀ mi ní oṣù kọkànlá ọdún àkọ́kọ́, nítorí n kò fẹ́ kí àwọn aládùúgbò rò pé ọ̀lẹ ni mí, àti pé òkìtì ilẹ̀ dúdú náà wu ojú. Ní oṣù kẹta, òkìtì náà ti di òkúta, ọkọ́ ń ró gbangan lórí rẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí kò gba agbára púpọ̀. Mo gé ẹ̀fọ́ tó ti kú ní ìdí, mo sì fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ kí ekòló jẹ ẹ́. Mo tu koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, mo sì da kọ́ḿpósìtì (ìyẹn ewé àti ìdọ̀tí ewéko tó ti jẹrà di ilẹ̀) tàbí ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà sórí ilẹ̀ kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, láìpò ó mọ́ ilẹ̀ rárá. Ibi tí kọ́ḿpósìtì kò bá kárí, mo fi páálí bò ó: páálí lásán tí a ti yọ téèpù àti irin wẹ́wẹ́ ara rẹ̀, tí etí ọ̀kan gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí a bomi rin, tí a sì fi bíríkì tẹ̀. Àǹtí mi kan tó wá kí mi láti ilé ní oṣù kìíní wò ó yíká, ó ní, “Ṣé òkú lo bò síbí ni?” Mo ní, “Rárá, Mà, ilẹ̀ ló ń sùn.” Àléébù kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ: àwọn ìgbín tí kò ní ìkarawun fẹ́ràn abẹ́ páálí bí ojú. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ẹ ṣí etí rẹ̀ kí ẹ ṣà wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgbẹ́ ẹṣin ọ̀fẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ tútù. Èyí tó ti pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tí kò rùn mọ́, ni ẹ gbọ́dọ̀ gbà. Èkejì, oògùn apakoríko kan wà tí wọ́n ń pè ní aminopyralid, tí àwọn tó ń gbin koríko ẹran ń fín sí oko wọn. Oògùn yìí ń gba inú ẹṣin kọjá láìkú, ó sì lè ba ata, tòmátì àti ẹ̀wà jẹ́ nínú ọgbà ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Kí ẹ tó da ọkọ̀ kan ìgbẹ́ sórí ilẹ̀, ẹ pò ó pọ̀ mọ́ kọ́ḿpósìtì rírà ní ìdajì sí ìdajì nínú ìkòkò kan, kí ẹ sì gbin ẹ̀wà broad bean mẹ́ta sí i. Ẹ gbin mẹ́ta mìíràn sínú kọ́ḿpósìtì nìkan, kí ẹ gbé ìkòkò méjèèjì sójú fèrèsé kan náà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, bí ewé tuntun ti ìkòkò àkọ́kọ́ bá ká jọ bí ìka ọwọ́ tó di ẹ̀ṣẹ́, nígbà tí ti èkejì tẹ́jú dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ìgbẹ́ náà kan ilẹ̀ yín.

Ewé igi tó bọ́ sílẹ̀ kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kó o sínú àpò ọ̀rá tí ẹ ti lu ihò sí, ẹ bomi sí i, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ kan, ọdún kan sí méjì ni yóò fi di ilẹ̀ dúdú tó rọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ sun èyí tó kù, ẹ kọ́kọ́ tú òkìtì náà wò, nítorí pé ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tí wọ́n ń pè ní hedgehog máa ń sùn sínú rẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù.

Ohun tí òtútù ń ṣe ní oore

Aáyù ni mo kọ́kọ́ ń gbìn, nítorí pé ó nílò òtútù: bí kò bá rí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tutù, orí rẹ̀ kì í pín sí abala, yóò kàn rí róbótó bí àlùbọ́sà kékeré. Ẹ má gbin aáyù ọjà tí ẹ rà fún ọbẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ irú ti ilẹ̀ olóoru, ó sì lè ní àrùn. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń tà fún gbígbìn. Láti ìdajì oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kọkànlá, ẹ ya abala rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ gbin àwọn tó tóbi, kí ṣóńṣó rẹ̀ dojú kọ òkè, kí ilẹ̀ sì bò ó ní bí sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 15 sáàárín abala kan sí òmíràn, kí ẹ fi 30 sáàárín ìlà kan sí èkejì. Lórí amọ̀, ẹ kọ ebè gígùn kí omi lè sàn kúrò. Ọgbọ́n tí àwọn bàbá wa ń lò fún iṣu bá aáyù mu gan-an nílẹ̀ yìí. Àwọn ẹyẹ yóò fà á tu ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bí ẹni ń ṣeré. Ẹ tún un tì bọlẹ̀. Oṣù keje ni a ń wú u.

Broad bean ni èkejì. Irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Aquadulce Claudia ń fara da òtútù, a sì lè gbìn ín ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní 20. Èkúté fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà èmi ń hù ú nínú páálí tí wọ́n ń ká tíṣù ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, kí n tó gbé e lọ sóko. Mo ti fi ṣe mọ́ínmọ́ín rí. Ó ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pe àlejò.

Ní ti kale àti leek tí a ti gbìn láti ìgbà ooru, ìrì dídì ń mú wọn dùn sí i, nítorí pé ewéko náà ń sọ sítáàṣì ara rẹ̀ di ṣúgà kí omi inú rẹ̀ má bàa dì kíákíá. Ẹ ká kale láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ewé mẹ́ta mẹ́rin lórí ìdí kan, kí ẹ sì fi ọkàn àárín rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ká a nígbà tí ìrì bá ṣì dì sí i lára. Láàárọ̀, ewé rẹ̀ máa ń le ganran, etí rẹ̀ á funfun bí ẹni da iyọ̀ sí i, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, ó ń dún kẹ̀rẹ́. Ẹ dúró di ọ̀sán kí ó yọ́. Fún ẹ̀fọ́ rírò, ẹ fa ọ̀pá àárín rẹ̀ yọ, kí ẹ bọ̀ ọ́ ju ṣọkọ lọ díẹ̀.

Ẹyẹlé ni ọ̀tá kale nígbà òtútù, nítorí pé kò sí oúnjẹ mìíràn fún un. Ẹ ta àwọ̀n gbalaja sórí igi, kí ó má fara kan ewé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò dúró lórí àwọ̀n jẹ ẹ́. Bí yìnyín funfun bá bọ́, ẹ tètè gbọ̀n ọ́n kúrò lórí àwọ̀n kí ìwúwo rẹ̀ má bàa wó o. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní fleece wúlò fún àwọn ewé tí kò le tó kale: èyí tó wúwo tó gíráàmù 17 fún mítà kan níbùú lóròó tó fún ìrì fẹ́ẹ́rẹ́, ti gíráàmù 30 ló yẹ fún òru tó le. Ẹ fi ọ̀pá gbé e sókè, torí pé ibi tí aṣọ tútù bá ti kan ewé, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti dì.

Oṣù kejìlá àti oṣù kìíní

Iṣẹ́ oṣù méjì yìí kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ oko allotment ni wọ́n ń ti omi rẹ̀ pa ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Ní ilé, ẹ pa ẹ̀rọ omi ìta láti inú, ẹ jẹ́ kí èyí tó kù nínú páìpù dà jáde, kí ẹ sì ká họ́ọ̀sì wọlé. Ìkòkò amọ̀ tó kún fún omi yóò sán bí omi náà bá dì, nítorí náà ẹ gbé e sórí bíríkì méjì kí omi lè máa jò. Ẹ fọ irinṣẹ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi òróró pa á. Bí ẹ bá ní igi ápù, àkókò yìí ni kí ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó kú àti èyí tó ń gun ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀bẹ kan igi plum tàbí cherry títí di ìgbà ooru, nítorí pé àrùn kan tó ń sọ ewé di aláwọ̀ fàdákà ń gba ojú ọgbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Láti oṣù kejì: ẹ fara balẹ̀ jí wọn

Ata rodo tí a fẹ́ gbìn láti èso nílò àkókò gígùn, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kìíní tàbí nínú oṣù kejì. Ooru tó tó 25°C sí 28°C ni yóò mú un hù, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Orí fíríìjì tàbí ẹní oníná tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí dára. Ní ọjọ́ tó bá yọ orí, ẹ gbé e kúrò nínú ooru lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù lọ nínú ilé, kí ó má bàa ga tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó sì ṣubú. Ata àtijọ́ tí ẹ gé bí kànnàkànnà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé ní àsìkò kan náà, ewúro yóò tẹ̀lé e. Ìgbà náà ni kí ẹ pààrọ̀ ilẹ̀ ìkòkò wọn, kí ẹ fi kún omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ ajílẹ̀.

Ọjọ́ kan yóò mọ́ ní oṣù kẹrin tí oòrùn yóò ràn, tí gbogbo èèyàn yóò bọ́ kóòtù, yóò sì dà bíi pé ó yá. Kò tíì yá. Ìrì ṣì lè dì ní ìparí oṣù kẹrin, ìgbà mìíràn sì wà tó ń wọ oṣù karùn-ún. Láti àárín oṣù karùn-ún, ẹ máa gbé ewúro, ata àti ẹfinrin síta fún wákàtí méjì ní ọ̀sán, lábẹ́ ibòji, kí ẹ fi wákàtí kan kún un lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa gbé wọn wọlé lálẹ́. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, bí tẹmómítà òru kò bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ 10°C fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀ síta.